Lẹ́ǹsì gígùn àtijọ́ lórí kámẹ́rà òde òní: 135, 200, 300 àbí 500?

Àbúrò kan tí a jọ ń yàwòrán lóde ìnáwó wọlé tọ̀ mí wá lọ́jọ́ Sátidé kan, ó gbé nǹkan dání nínú láílọ́ọ̀nù dúdú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi yọ̀ o!" Lẹ́ǹsì Canon FD 200mm f/4 ni: 200mm ni iye gígùn rẹ̀, f/4 ni bí ihò ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe ń ṣí tó, iye f tó kéré ló ń ṣí jù. Ara rẹ̀ ń dán, gíláàsì rẹ̀ mọ́ bí omi òjò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà ní London ló bá a rà á lọ́jà àlòkù ọjọ́ Sunday tó fi rán ẹni tó ń bọ̀ nílé. Kámẹ́rà Canon ló ní, lẹ́ǹsì Canon ló rà, kí ló tún kù? Ó yọ lẹ́ǹsì tó wà lórí kámẹ́rà rẹ̀, ó gbé èyí sẹ́nu rẹ̀, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Kò wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n, àbí ayédèrú ni?"

"Ojúlówó ni. Ìwọ ni o ò béèrè kó o tó rà."

Ohun tí mo wí fún un lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú èyí tí mo gbàgbé láti wí, ni mo kọ síbí. Mo ti lo púpọ̀ nínú àwọn lẹ́ǹsì yìí, èyí tí mi ò sì fẹ́ràn, màá sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹnu kámẹ́rà ni ká kọ́kọ́ wò

Ẹ ti rí màmá àgbà tó fẹ́ ka lẹ́tà láìsí awò ojú? Á gbé ìwé náà jìnnà, á tún fà á sún mọ́ díẹ̀, títí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ á fi hàn kedere. Bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́ǹsì. Iye mìlímítà kan pàtó ló gbọ́dọ̀ wà láàárín ìdí rẹ̀ àti sẹ́ńsọ̀, níbi tí fíìmù máa ń wà láyé ọjọ́un, kí ohun tó wà lókèèrè tó lè hàn kedere. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló sì yan iye tirẹ̀. Bí iye ti kámẹ́rà yín bá kéré ju ti lẹ́ǹsì lọ, ádápítọ̀, òrùka irin tí a fi ń so méjèèjì pọ̀, á dí àlàfo tó kù, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Bí ti kámẹ́rà bá ju ti lẹ́ǹsì lọ, kò sí irin tí ẹ máa kì sínú àlàfo tí kò sí. Ohun tó wà nítòsí nìkan lẹ ó máa rí, òkèèrè á ṣú bàìbàì. Nínú tábìlì yìí, DSLR ni kámẹ́rà tó ní dígí nínú, tí ẹ ń fi ihò ìwòran wò; mirrorless ni èyí tí kò ní dígí yẹn.

| Ẹnu lẹ́ǹsì àtijọ́ | Jíjìn rẹ̀ (mm) | Lórí DSLR Canon (44) | Lórí DSLR Nikon (46.5) | Lórí mirrorless (16 sí 20) |
|---|---|---|---|---|
| Nikon F | 46.5 | ó lọ | ilé rẹ̀ ni | ó lọ |
| Olympus OM | 46 | ó lọ | kò lọ | ó lọ |
| M42 (èyí tí à ń yí wọlé bí ìdérí ìgò) | 45.46 | ó lọ | kò lọ | ó lọ |
| Minolta MD | 43.5 | kò lọ | kò lọ | ó lọ |
| Canon FD | 42 | kò lọ | kò lọ | ó lọ |

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ló mú àbúrò wa. Ní 1971 ni Canon gbé ẹnu FD jáde. Nígbà tó di 1987, wọ́n pa á tì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ EF, èyí tó wà lórí àwọn DSLR wọn. Mìlímítà méjì péré ló wà láàárín 42 àti 44, ṣùgbọ́n méjì yẹn tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ wá wo ìyanu: lẹ́ǹsì Nikon, tí í ṣe orogún, wọ ilé Canon wọ́ọ́rọ́wọ́, ọmọ bíbí inú Canon dúró síta. Wọ́n ń ta ádápítọ̀ FD kan tó ní gíláàsì kékeré nínú láti tún jíjìn náà ṣe. Mo ti lo ọ̀kan. Fọ́tò rẹ̀ dà bí ẹni pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ mí sójú lẹ́ǹsì. Ẹ má rà á.

Ẹnu F tí Nikon bẹ̀rẹ̀ ní 1959 ṣì ni ẹnu DSLR wọn títí dòní, nítorí náà ẹni tó ní Nikon kò ní wá ádápítọ̀ kiri fún Nikkor, lẹ́ǹsì tí Nikon fúnra wọn ṣe. Ṣùgbọ́n kó ṣọ́ra fún nǹkan méjì. Àwọn kámẹ́rà kékeré bíi D3200 àti D5300 á gba lẹ́ǹsì náà, àmọ́ wọn ò ní bá a wọn ìmọ́lẹ̀. Ẹ ó fi kámẹ́rà sí M, níbi tí ẹ ti ń fọwọ́ yan gbogbo rẹ̀, ẹ ó ya kan, ẹ ó wò ó, ẹ ó tún un ṣe. Àwọn tó tóbi jù wọ́n lọ, bíi D7000 àti D700, máa ń wọn ìmọ́lẹ̀ dáadáa bí ẹ bá ti kọ iye lẹ́ǹsì náà sínú wọn, ṣùgbọ́n irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́nu wọn tí lẹ́ǹsì tí wọ́n ṣe kí ètò Ai, tí lẹ́ǹsì fi ń sọ iye f rẹ̀ fún kámẹ́rà, tó dé ní 1977 lè ṣẹ́. Bí ọwọ́ bá ti le díẹ̀ nígbà tí ẹ ń yí i, ẹ dúró. Ẹ má fi tipá ṣe é.

Mirrorless ló ni gbogbo eré yìí. Sony E jẹ́ mìlímítà 18, Canon RF 20, Nikon Z 16, Fuji X 17.7, Micro Four Thirds 19.25. Kò sí lẹ́ǹsì kankan nínú tábìlì yẹn tí kò ní wọlé. Yàtọ̀ sí ti ẹnu, fókọ́ọ̀sì ọwọ́ rọrùn lórí wọn ju ti DSLR lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Lórí DSLR, ihò ìwòran tí wọ́n ṣe fún autofocus, fókọ́ọ̀sì tí kámẹ́rà ń ṣe fúnra rẹ̀, máa ń tan ojú jẹ: ẹ ó rò pé ó ti mú, ẹ ó délé, ẹ ó rí i pé etí ìyàwó ló mú, ojú rẹ̀ ò mú. Lórí mirrorless, ẹ tẹ bọ́tìnnì kan, ẹyinjú onítọ̀hún á kún gbogbo ojú ìwòran, ẹ ó máa yí òrùka títí ẹ ó fi rí irun ìpéǹpéjú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ní DSLR, kó lo live view, ìyẹn wíwo àwòrán lójú ìwòran ẹ̀yìn kámẹ́rà, kó sì fa àwòrán náà tóbi, kó má gbẹ́kẹ̀ lé ihò ìwòran.

Bí ẹ bá so ó mọ́ ọn tí kámẹ́rà kọ̀ tí kò yà, kò tíì bàjẹ́. Kò rí lẹ́ǹsì ni. Ẹ wọ inú mẹ́nù, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń gbà á láyè láti yà láìsí lẹ́ǹsì, ẹ ṣí i. Bí kámẹ́rà yín bá sì jẹ́ irú èyí tó ń mú sẹ́ńsọ̀ dúró nígbà tí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, ẹ fọwọ́ kọ iye lẹ́ǹsì sínú rẹ̀. Mo gbàgbé nígbà kan, mo fi 50 sílẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí 200 wà lẹ́nu rẹ̀. Fọ́tò bí ogójì ló ṣòfò.

Ẹ tún wo bí sẹ́ńsọ̀ yín ṣe tóbi tó. Fíìmù 35mm ni wọ́n fi kọ iye tó wà lára lẹ́ǹsì. Lórí full frame, sẹ́ńsọ̀ tó tóbi bíi fíìmù yẹn, 135 náà ni 135. Lórí APS-C, sẹ́ńsọ̀ tó kéré sí i, ti Nikon, Sony àti Fuji, á dà bíi 200. Lórí ti Canon, bíi 216. Lórí Micro Four Thirds, tó tún kéré jù wọ́n lọ, 270. Lẹ́ǹsì náà ò gùn sí i, sẹ́ńsọ̀ kékeré ló gé etí àwòrán dànù bí tẹ́lọ̀ ṣe ń gé etí aṣọ. Etí náà sì ni lẹ́ǹsì àtijọ́ ti máa ń ṣàárẹ̀ jù, nítorí náà gígé yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn mí.

135: ibi tí mo ní kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni kí n dárúkọ, 135 f/3.5 ni, mi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Láwọn ọdún 1960 àti 1970, ẹni tó bá ra kámẹ́rà, 135 ló sábà máa ń rà tẹ̀ lé e, nítorí náà ilé-iṣẹ́ tí kò ṣe é kò pọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi kún ọjà àlòkù àgbáyé títí dòní, tí owó rẹ̀ kò sì gani lára: èyí tó dára ní ẹnu M42 kò jù owó aṣọ ẹbí kan tàbí méjì lọ. Ó kéré, ó ń wọ àpò. Lóde, ẹ lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn onílù kí ẹ sì mú ìyá ìyàwó níbi tó ti ń fi etí ìborùn nu omijé, láìjẹ́ pé ó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wo òun. Ẹni tó fẹ́ fi 50 ṣe irú rẹ̀, àfi kó lọ dúró lé màmá lórí.

Èwo wá ni ká rà nínú wọn? Super-Takumar 135 f/3.5 ni tèmi, iṣẹ́ ọwọ́ Asahi, àwọn tó ń ṣe Pentax ní Jàpáànì. Irin gidi ni, òrùka fókọ́ọ̀sì rẹ̀ ń yí bí ẹni ń fọwọ́ ra òrí. Ó ń sún mọ́ nǹkan dé mítà 1.5. Àwọ̀ rẹ̀ gbóná díẹ̀, ara dúdú sì máa ń yọ dáadáa lójú rẹ̀. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n kọ A àti M sí. Ẹ fi sí M, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé á wà ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu bó ti wù kí ẹ yí òrùka f tó. Àwọn M42 mìíràn ò ní bọ́tìnnì yìí rárá, pín-ìnnì ìdí wọn ló ń pa ihò dé. Irú wọn nílò ádápítọ̀ tó ní etí tí yóò máa tẹ pín-ìnnì náà wọlé. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó.

Jupiter-37A ti Sófíẹ̀tì kò ní wàhálà pín-ìnnì yẹn rárá. Òrùka méjì ló ní: ẹ fi ọ̀kan yan f, ẹ fi èkejì pa á dé. Ìran Sonnar ni, ètò gíláàsì tí Zeiss ti Jámánì ṣe. Ewé irin 12 ló yí ihò rẹ̀ ká, nítorí náà bẹ́ ẹ tilẹ̀ pa á dé dé f/8, iná mọ́tò tó wà lẹ́yìn fọ́tò á ṣì rí roboto bí owó ẹyọ. Ó ń sún mọ́ nǹkan dé mítà 1.2. Bí fọ́tò òru ló pọ̀ nínú iṣẹ́ yín, tí ẹ fẹ́ràn kí àwọn gílóòbù ẹ̀yìn di bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́, òun ni kí ẹ mú, ẹ fi Takumar sílẹ̀ fún èmi.

Sonnar 135 f/3.5 gan-an, tí Carl Zeiss Jena ṣe ní Jámánì Ìlà-Oòrùn, ló mú jù nínú gbogbo wọn lójú tèmi, mítà kan péré ló sì ń béèrè láàárín òun àti ohun tó ń wò. Àléébù rẹ̀ ni pé epo inú rẹ̀ máa ń yọ́ dé orí ewé irin, ewé náà á lẹ̀ mọ́ra, kò ní fẹ́ pa dé mọ́. Ooru tiwa ò sì ní ràn án lọ́wọ́. Ti Pentacon 135 f/2.8, èyí tó kọ́kọ́ jáde lórúkọ Orestor láti ọwọ́ Meyer-Optik ní Görlitz, ewé 15 ló wà nínú àwọn tó ṣáájú. Ní f/2.8, ẹ̀yìn fọ́tò á yọ́ bí òrí inú oòrùn, ṣùgbọ́n ojú ẹni tí ẹ ń yà náà á fẹ́ bá a yọ́. Ní f/4, ó jókòó dáadáa. Àwọn tó ń tà á mọ òkìkí rẹ̀, wọ́n sì ti fowó lé e. Mi ò ní fi owó Pentacon sílẹ̀ nígbà tí Jupiter wà.

Nikkor 105 f/2.5 kì í ṣe 135, ṣùgbọ́n mi ò lè fo ó. Òun ni Steve McCurry fi ya ọmọbìnrin ará Afghanistan tó ní ojú aláwọ̀ ewé yẹn ní 1984, èyí tó wà lójú ìwé National Geographic ti oṣù kẹfà 1985. Fún ojú ènìyàn, mi ò tíì rí lẹ́ǹsì olówó kékeré tó tún dára jù ú lọ. Fún ohun tó jìnnà, ó kúrú. Bí ẹ bá ní APS-C, òun ni 135 yín: 105 á dà bíi 157.

200: ó ga ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ

200 f/4 ni ibi tí ọwọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Òfin àtijọ́ ni pé kí ìyára ṣọ́tà má kéré sí iye lẹ́ǹsì: 200, ó kéré tán 1/200 ìṣẹ́jú àáyá. Lórí APS-C, 1/320. Lọ́sàn-án gangan, kò sí ìṣòro. Nígbà tó bá di aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, tí alága ìdúró ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ní kí ọkọ dọ̀bálẹ̀, ISO, iye bí sẹ́ńsọ̀ ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sára tó, á ti lọ sí 3200. Sẹ́ńsọ̀ òde òní á gbé e, ti àtijọ́ kò ní fi bẹ́ẹ̀ gbé e.

Níbí, Canon FD tí àbúrò wa rà ló borí lójú mi, bí ẹ bá ti ní mirrorless. Ó ń sún mọ́ nǹkan dé mítà 1.5, nígbà tí Takumar 200 f/4 kò lè sún mọ́ ju mítà 2.5 lọ. Ìyàtọ̀ mítà kan yẹn ló wà láàárín kí ẹ mú òrùka ọwọ́ ìyàwó nìkan àti kí ẹ mú ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó tún ní ìbòrí oòrùn tirẹ̀ lára tí ẹ kàn máa fà jáde. Nítorí pé àwọn tó ní DSLR Canon ò lè lò ó, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sá fún un, owó rẹ̀ sì dúró nílẹ̀. Ẹni tó bá ní DSLR Canon kó wá Nikkor 200 f/4 pẹ̀lú ádápítọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́.

300: lékèélékèé mi di àlùkò

Tair-3 300mm f/4.5 ti Sófíẹ̀tì lọ́kàn mi fà sí fún ọdún méjì kí n tó rí i rà. Òun ni wọ́n ń gbé lé orí ìdí ìbọn pẹ̀lú kámẹ́rà Zenit, tí wọ́n ń pè ní Fotosnaiper: ohun tí wọ́n fi ń yà á ní ìfàyí bíi ti ìbọn gan-an, ẹ ó gbé e sí èjìká, ẹ ó fà á. Bí ẹ bá rí odindi rẹ̀ rà, ẹ fi ìdí ìbọn náà sílé. Ẹ má gbé e kọjá níwájú bárékè tàbí ibi tí àwọn ọlọ́pàá dúró sí. Kò sí àlàyé tí ẹ máa ṣe tó máa dùn.

Lẹ́ǹsì náà nìkan tó kìlógíráàmù 1.6. Mo gbé e lọ sí etí odò kan níbi tí àwọn lékèélékèé ti ń bá màlúù rìn, oòrùn ti gun orí wọn, igbó dúdú wà lẹ́yìn. Mo ya púpọ̀. Mo délé, mo ṣí wọn lórí kọ̀ǹpútà, mo fa ọ̀kan tóbi. Gbogbo etí ìyẹ́ ẹyẹ náà, níbi tí funfun ti pàdé dúdú, ti yí sí àwọ̀ elésè-àlùkò tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni fi bírò fà á yí ká. Lékèélékèé tó ni ẹfun, tí kì í ráhùn ẹfun, ló lọ yá àwọ̀ lọ́wọ́ àlùkò!

Ohun tó fà á ni pé gíláàsì lásán kì í kó gbogbo àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ jọ sójú kan náà. Bí lẹ́ǹsì bá ṣe ń gùn sí i ni ìyàtọ̀ náà ń hàn sí i, fíìmù sì máa ń bò ó mọ́lẹ̀ ju sẹ́ńsọ̀ lọ. Wọ́n wá oògùn fún un nígbà náà: Canon lo fluorite láti 1969, Nikon lo gíláàsì tí wọ́n ń kọ ED sí. Lẹ́ǹsì tó bá ní ED lára, bíi Nikkor 180 f/2.8 ED, á fún yín ní lékèélékèé funfun. Owó rẹ̀ ni kò funfun. Bí ẹ bá pa Tair dé f/8, àwọ̀ àlùkò náà á dínkù díẹ̀, kọ̀ǹpútà sì lè pa ìyókù rẹ́. Ṣùgbọ́n f/8 pẹ̀lú 1/500 ní abẹ́ igi, ìmọ́lẹ̀ dà?

Mo ṣì ní Tair yẹn. Mo fi ń ya òṣùpá.

500: ti alágídí

Àwọn lẹ́ǹsì onídíńgí bíi 3M-5A 500 f/8 àti Reflex-Nikkor 500 f/8 kò gùn lójú bí iye wọn ti gùn, nítorí dígí méjì inú wọn ló ń ká ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ padà bí ẹní. Dígí kì í sì ya àwọ̀ sọ́tọ̀, nítorí náà àlùkò ò dé ibẹ̀. Ìyẹn nìkan ni ire wọn. Ihò wọn kò ṣe é yí, f/8 ni títí ayé. Gbogbo iná tàbí omi tó ń dán lẹ́yìn fọ́tò á di òrùka bí dónọ́ọ̀tì. Wọ́n sì fúyẹ́ débi pé èémí yín lè mú wọn gbọ̀n. Nígbà ọyẹ́, gbogbo eruku tó wà láàárín yín àti ẹyẹ náà á wọ inú fọ́tò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ooru tó ń hó lórí ọ̀dà á máa mú àwòrán jó. Bí ẹ bá fẹ́ fi kọ́ sùúrù, ẹ rà á.

Ṣé kí n kúkú ra tuntun?

Ẹ jẹ́ ká fi Tair, 1.6 kìlógíráàmù, sẹ́gbẹ̀ẹ́ Canon EF-S 55-250 IS STM tí wọ́n gbé jáde ní 2013, tí kò tó 400 gíráàmù, tí kò sì wọ́n rárá bó bá jẹ́ tòkúnbọ̀. Èyí ní autofocus, ó ní ohun tó ń mú ọwọ́ dúró, ó ń fà láti 55 dé 250. Ní 250 f/5.6, ó mú ju Tair lọ ní f/4.5, láìsí àlùkò. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ní DSLR Canon APS-C, tí ẹyẹ àti bọ́ọ̀lù ló fẹ́ máa yà, kó má ra ohunkóhun àtijọ́ tó kọjá 200. Kó ra zoom yìí.

Ibi tí zoom náà ti ń kùnà ni 135. Nígbà tó bá fi dé ibẹ̀, ihò rẹ̀ ti kéré sí f/3.5, ẹ̀yìn fọ́tò rẹ̀ kì í sì yọ́ bíi ti Jupiter. Àwọn òrùka ike rẹ̀ náà kò ní dùn yín lọ́wọ́, bí ìyẹn bá jẹ yín lógún. Ó jẹ èmi lógún.

Ẹṣin Ojúde Ọba láìsí autofocus

Wọ́n máa ń bi mí bí mo ṣe ń fi lẹ́ǹsì ọwọ́ ya ohun tó ń sáré. Mi ò kí í lé e. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin bá ń tò bọ̀ níwájú Awùjalẹ̀, mo máa ń wo ilẹ̀ kí n tó wo ẹṣin. Mo máa ń wá àmì kan lọ́nà tí wọ́n máa gbà: òkúta funfun, ibi tí ọ̀dà ti là, gọ́tà. Mo fi 135 lé àmì yẹn, mo fa ojú ìwòran tóbi, mo yí fókọ́ọ̀sì títí òkúta náà fi mú, mo sì gbọ́wọ́ kúrò lára òrùka. F/5.6, 1/1000. Lẹ́yìn náà, mo dúró. Ẹṣin á bọ̀ pẹ̀lú ariwo ìbọn àti kàkàkí, àwọn ènìyàn á máa tì mí. Nígbà tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ bá ku díẹ̀ kó kan òkúta yẹn, mo tẹ̀ ẹ́. Nínú mẹ́wàá, mẹ́ta tàbí mẹ́rin á mú. Ẹni tó ń lo autofocus lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á ní mẹ́jọ. Àmọ́ òun náà á rí i pé nínú àwọn kan, fìlà ẹni tó gorí odi níwájú ni kámẹ́rà rẹ̀ bá lọ.

Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀

Lẹ́ǹsì tó lókìkí jù láyé, bó bá ti bu nínú, ìgò lásán ni. Ẹ ṣí ihò rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, ẹ tan iná fóònù, ẹ fi sí ìdí rẹ̀ kó tàn gbọọrọ jáde, kí ẹ sì wò ó láti iwájú ní ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, ẹ má wo iná náà tààrà. Eruku wẹ́wẹ́ ò ṣe nǹkan kan. Ohun tó bá rí bí òwú aláǹtakùn tàbí gbòǹgbò wẹ́wẹ́ tó ń ràn láti etí wá sáàárín, fọ́ńgọ́ọ̀sì ni. Bó bá rí bí ìgbà tí èémí bo dígí tí kò sì ṣe é nù, ìkùukùu epo ni. Bó bá ní òṣùmàrè létí gíláàsì, gọ́ọ̀mù tó lẹ gíláàsì méjì pọ̀ ti ń ṣí, kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò tó máa tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ yí f lọ yí i bọ̀, kí ẹ sì wo ewé irin: ó gbọ́dọ̀ já pàá. Bó bá ń wọ́ bí ẹni tó ń jí lójú oorun, epo ti débẹ̀.

Ẹ ka ohun tí olùtajà kọ dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Mo ra ọ̀kan láti Jàpáànì tí wọ́n kọ lẹ́tà gàdàgbà sókè pé ó dára gan-an, àmì ìròpọ̀ márùn-ún tẹ̀ lé e. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ ọ́ pé fọ́ńgọ́ọ̀sì díẹ̀ wà, kò kan fọ́tò. Èmi ni mi ò kà á dé ìsàlẹ̀.

Èyí tó dun mi jù, fúnra mi ni mo ṣe é. Mo fi Sonnar kan sínú àpò aláwọ rẹ̀, mo gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù láàárín aṣọ, mo ti ilẹ̀kùn, láti oṣù karùn-ún di oṣù kẹwàá. Òjò ọdún yẹn ò dáwọ́ dúró. Nígbà tí mo ṣí i, gbòǹgbò ti ràn káàkiri ojú gíláàsì iwájú. Awọ yẹn gan-an ló gba omi sára. Ní báyìí, abọ́ ike tí ìdérí rẹ̀ ń pa dé gbagba, irú èyí tí wọ́n ń kó gàrí sí, ni mo ń kó wọn sí, pẹ̀lú àpò wẹ́wẹ́ silica gel tí mo ń yọ nínú páálí bàtà. Ẹ má fi ìrẹsì dípò rẹ̀, ìyẹ̀fun ara ìrẹsì á wọ inú òrùka. Kí ẹ sì máa gbé wọn jáde síbi ìmọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́ǹsì tí wọ́n ń lò kì í tètè bu.

Ní ti àbúrò wa, mo mọ obìnrin kan tó ń lo mirrorless Sony, tó ní Super-Takumar 135 tó ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì ń wá nǹkan tó gùn jù ú lọ. Wọ́n pàdé nílé mi. Àwọn méjèèjì fi tọ́ọ̀ṣì wo lẹ́ǹsì ara wọn, wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀, obìnrin náà fi ádápítọ̀ M42 sí EF lé e láìgba kọ́bọ̀. Kò tíì tó wákàtí kan tí wọ́n lọ tí fóònù mi fi dún.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Kámẹ́rà ní f00 o. Ó jọ pé ó ti bàjẹ́."

"Fi sí Av, kámẹ́rà á yan ìyára ṣọ́tà fúnra rẹ̀. Yí òrùka ara lẹ́ǹsì sí 5.6. Ta ló wà níwájú rẹ?"

"Màmá mi ni, wọ́n ń ṣa ẹ̀fọ́."

"Yà wọ́n."